"Mò ń tẹ̀ ẹ́, kò lè ti ṣẹ́": ọ̀rọ̀ tó ń ba ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́

Ẹnì kan já bọ́ lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ sábẹ́. Kó tó dìde tán, àwọn tó yí i ká ti di dókítà. "Mi ọmọ-ìka ẹ." Ó mì wọ́n. "Tẹ̀ ẹ́ ká wò ó." Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń tiro. "Hẹn-ẹn! Kò ṣẹ́, ó kàn rọ́ ni. Ẹ bá mi gbé omi gbígbóná àti òrí wá." Ìdánwò méjì yìí ni wọ́n fi ń dájọ́ ẹsẹ̀ láti Ìbàdàn dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí èyí tó tó láti sọ pé eegun kò ṣẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọmọ-ìka. Èyí tó lágbára jù nínú ẹran tó ń mi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kò sí nítòsí ìka rárá. Òkè ló wà, lójúgun àti lẹ́yìn ojúgun, iṣan gígùn ló sì na gba ọrùn ẹsẹ̀ kọjá títí dé ìka, bí okùn tí èèyàn fi ń fa omi nínú kànga. Bí etí kànga bá sán, ṣé okùn ò ní máa lọ kó máa bọ̀ ni? Ìka tó ń mì ń sọ fún wa pé iṣan kò já, pé ọpọlọ sì ń ránṣẹ́ débẹ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ìtẹ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Eegun méjì ló sọ̀ kalẹ̀ láti orúnkún wá sí ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó nípọn wà nínú, òun là ń fọwọ́ kàn lójúgun, òun ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ó wà lóde, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló yọ jáde tí à ń pè ní kókósẹ̀ òde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rù. Eegun tẹ́ẹ́rẹ́ yìí gan-an ló sábà máa ń ṣẹ́ bí ọrùn ẹsẹ̀ bá yí. Bí èyí tó nípọn bá ṣì dúró, èèyàn á tiro, á gun àtẹ̀gùn, á tún lọ sọ́jà, pẹ̀lú eegun ṣíṣẹ́ lábẹ́ awọ.

Ní Ottawa, ní Kánádà, lọ́dún 1992, Ian Stiell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà kan jáde tí àwọn dókítà pàjáwìrì ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ṣì ń lò dòní. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí X-ray pọ̀ sí i, wọ́n fẹ́ kó dín kù ni, torí lára àwọn tí wọ́n ń ya ọrùn ẹsẹ̀ wọn, àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ lóòótọ́ kò tó 15 nínú 100. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣọ́ra tó: wọn ò gbà kí ìrìn nìkan dájọ́. Ẹni tó rìn gbọ́dọ̀ tún yege níbi títẹ eegun.

Ìrìn náà jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó tilẹ̀ ń tiro, wọ́n á kà á fún un. Ẹni tí kò lè rìn ín níbi tó ti ṣubú, tí kò tún lè rìn ín nílé ìwòsàn, X-ray yá. Lẹ́yìn náà ló wá kan ọwọ́. Ibi tí gbogbo èèyàn máa ń tẹ̀ ni iwájú kókósẹ̀ òde àti abẹ́ rẹ̀, níbi tó wú bí ẹyin. Dandan ni kí ibẹ̀ dùn ún, torí ibẹ̀ ni iṣan tó so eegun mọ́ eegun ti máa ń ya bí ẹsẹ̀ bá rọ́. Ìrora ibẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa eegun. Ẹ̀yìn kókósẹ̀ ni kí ìka lọ, sí etí eegun fúnra rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 6 lókè, bí ìbú ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ wálẹ̀ títí dé ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ ṣe ti òde, ẹ ṣe ti inú. Bó bá jẹ́ àárín ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ibi méjì mìíràn ló wà láti tẹ̀: kókó eegun tó yọ létí ẹsẹ̀ lóde, ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà láti gìgísẹ̀ sí ọmọ-ìka tó kéré jù, àti èyí tó yọ lọ́wọ́ inú, níwájú kókósẹ̀ inú díẹ̀. Bó bá ta kìjí nígbà tí ẹ tẹ ọ̀kan nínú àwọn eegun yìí, kó lọ ya X-ray, kódà kó jẹ́ pé ó sáré wá síbẹ̀.

Lọ́dún 2003 wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ìlànà yìí jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: lára àwọn tí ìlànà náà ní kí wọ́n máa lọ sílé láìya X-ray, àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ kò tó 2 nínú 100. Ṣùgbọ́n kò wà fún ẹni tó mutí yó, ẹni tó ti fara pa tó ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tí kì í mọ ìrora. Ọ̀rọ̀ ẹni ìkẹyìn yìí ṣì ń bọ̀.

Ìgbàgbọ́ òdì kejì ń dúró de ẹni tó dé ilé ìwòsàn: "Wọ́n yà á, wọn ò rí nǹkan kan." Eegun ni X-ray ń fi hàn; kì í fi iṣan hàn dáadáa. Bí wọ́n sì ṣe gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á lè pa òótọ́ mọ́. Ní àárín ẹsẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń so okùn bàtà, iṣan kúkúrú kan wà tó di ìdí eegun ìka kejì mọ́ eegun tó wà lápá inú. Orúkọ Jacques Lisfranc ni wọ́n ń fi pè é, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Faransé ayé Napoleon. Láàárín ìdí eegun àtàǹpàkò àti ti ìka kejì, kò sí irú iṣan tó so àwọn yòókù pọ̀; òun ló ń dá wọn dúró. Ẹni tó fẹsẹ̀ há sínú kòtò, tàbí agbábọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn ṣubú lé gìgísẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ṣóńṣó ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, lè já a.

Bí wọ́n bá ya ẹni náà lórí ìdùbúlẹ̀, eegun méjèèjì lè fara mọ́ra pẹ́kípẹ́kí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ẹ ní kó dìde, kó fi ìwúwo ara lé ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n ya méjèèjì pọ̀ sínú fọ́tò kan, àlàfo á sì là. Bí àlàfo náà bá fi ju mìlímítà 2 lọ sí ti ẹsẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ ti di ti oníṣẹ́ abẹ. Bí ìrora kò bá jẹ́ kó lè dúró, kí wọ́n dì í, kó má tẹ̀ ẹ́, kó padà wá yà á lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, tàbí kó ṣe CT tàbí MRI, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya inú ara kúnnákúnná ju X-ray lọ, níbi tó bá wà. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún irú ìpalára yìí ni ojú ń fò lákọ̀ọ́kọ́. Àmì kan wà tí kò gba ẹ̀rọ: ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kú sí àárín rẹ̀, ẹ má ṣe gba "kò sí nǹkan kan" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ti wù kí ara èèyàn dúdú tó, àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó láti fi í hàn.

Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní ìyanu kan nínú. Lọ́dún 2006, àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun méjì, Ly àti Coetzee, gbé àbájáde jáde lórí èèyàn 41 tí iṣan yìí ya. Àwọn 20 ni wọ́n fi ṣúkúrúù de eegun wọn kí iṣan fi jinná. Àwọn 21 ni wọ́n ha orí eegun wọn, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ọ̀kan títí ayé. Lẹ́yìn ọdún méjì, nínú máàkì 100 tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹsẹ̀ ṣe dáa tó, àwọn tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ gba 88, àwọn yòókù 68.6. Oríkèé tí wọ́n pa ló gbé èèyàn dáadáa ju èyí tí wọ́n dá sí lọ! Ṣùgbọ́n oríkèé ibẹ̀ kì í mì púpọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tó sọnù kò tó nǹkan.

Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Achilles, náà lè já kí X-ray má rí nǹkan kan, kí ẹni náà sì ṣì máa rìn. Ó sábà máa ń rò pé ẹnì kan gbá òun nípàá láti ẹ̀yìn. Á bojú wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Kò ṣòro láti rí ìdí tí ẹlòmíràn fi lè rò pé ọwọ́ ayé ni. Ẹ ní kó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ yọ kọjá etí rẹ̀, kẹ́ ẹ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun pọ̀. Bí iṣan bá wà, ṣóńṣó ẹsẹ̀ á tẹ̀ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ti já, ẹsẹ̀ á kàn fì síbẹ̀ ni. Kì í ṣe dandan kí wọ́n la èyí. Ìwádìí kan ní Norway lọ́dún 2022, lórí èèyàn 526, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí wọ́n là àtàwọn tí wọn ò là ń lo ẹsẹ̀ wọn bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún já fún 6.2 nínú 100 àwọn tí wọn ò là, tí ó sì jẹ́ 0.6 péré lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n là. Àmọ́ àwọn tó tètè dé nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti gorí ọ̀sẹ̀, orí iṣan méjèèjì á ti fà jìnnà síra, ọ̀nà tó rọrùn á sì dí.

Ó wá kan fífà àti wíwọ́ tí àwọn tó ń to eegun nílé máa ń ṣe. Àwọn olùwádìí méjì, Ramsey àti Hamilton, wọ̀n ọ́n lára ẹsẹ̀ òkú lọ́dún 1976: bí eegun tó wà nísàlẹ̀ oríkèé ọrùn ẹsẹ̀ bá sún mìlímítà 1 péré sí òde, ibi tí eegun ti ń kan eegun dín kù ní ìdá 42 nínú 100. Gbogbo ìwúwo ara á wá kó sórí ìyókù, oríkèé á jẹ. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ fi ń fi irin pẹlẹbẹ àti ṣúkúrúù de kókósẹ̀, tó sì ń ya X-ray lórí tábìlì kó tó rán awọ. Ta ló lè fi ọwọ́ àti òrí wọn mìlímítà kan? Omi gbígbóná lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ ń mú kó wú sí i ni, wíwú náà sì lè mú kí awọ lé ròrò. Bí awọ bá ti wú bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ abẹ kì í fọwọ́ kàn án. Á dúró títí awọ yóò fi hun jọ, ó sì lè gbà tó ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Èyí tó burú jù ni ọparun tí wọ́n fi aṣọ dì fún pinpin. Bí ìka bá tútù, tó kú, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i lẹ́yìn dídì, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru náà. Ẹsẹ̀ tó bá ti rà, gígé ló kù.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni gbogbo ìdánwò yìí ń já kulẹ̀ fún. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú, eegun lè máa fọ́ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ kó sì máa rìn lọ, torí kò dùn ún tó bó ṣe yẹ. X-ray àkọ́kọ́ pàápàá lè mọ́, kó jẹ́ MRI ló máa rí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá wú, tó gbóná ju èkejì lọ, tí kò sì sí egbò níbẹ̀, kó dẹ́kun títẹ̀ ẹ́ láti ìṣẹ́jú náà, kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. POP, ìyẹn símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun, èyí tó bá ẹsẹ̀ mu láti orí ìka dé abẹ́ orúnkún ni wọ́n máa ń fi sí i, wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ bí wíwú ẹsẹ̀ bá ṣe ń lọ sílẹ̀, wọn kì í sì í tú u pátápátá àfi tí ooru ẹsẹ̀ méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.