Kí Ni Ọjọ́ Tó Wà Lórí Fáìlì Tó Gbẹ̀yìn?

Ẹni mẹ́ta ló gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì jáde lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Ẹnjiníà, mo ti ṣe backup o!" Backup ni ẹ̀dà fáìlì yín tí ẹ tọ́jú síbòmíràn, nítorí ọjọ́ tí láptọ́ọ̀pù bá kú. Mo ní níbo? Ẹni àkọ́kọ́ ní orí D ni. Ẹnì kejì ní OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń bá òun ṣe é. Ẹnì kẹta tú hard disk kan jáde nínú nylon búrẹ́dì, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo wo fáìlì tó dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn: ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Mo ní kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 12? Ó ronú títí, ó ní, "Háà, àbí ọjọ́ yẹn kọ́ ni mo gbé e fún bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa pé kó bá mi sọ Windows 10 di 11?"

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún náà ni Microsoft jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, gbogbo ìlú wá ń sáré bí ẹni tí òjò fẹ́ ká mọ́ ìta. Mi ò bá yín jà nítorí upgrade. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ kì í padà lọ wo backup yín lẹ́yìn ẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, ẹ ó mọ̀, torí pé ó ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Backup ò pariwo rí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti dákẹ́?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe backup gan-an, mi ò ní kọ ìyẹn síbí, ọmọ yín tó wà ní JSS lè fi hàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ D yẹn. C àti D tí ẹ ń rí lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, hard disk kan ṣoṣo ni, ẹni tó tà á fún yín ló là á sí méjì. Ẹ kó owó kúrò nínú àpò ọ̀tún, ẹ kó o sínú àpò òsì, olè wá gbé odindi ṣòkòtò lọ. Ẹ wá ka èyí tó ṣẹ́kù fún mi.

Kí ló ń pa backup nígbà upgrade? Ọ̀pọ̀ yín ló ń lo File History, ètò backup tó ti wà nínú Windows fúnra ẹ̀ láti ayé Windows 8 lọ́dún 2012. Nínú Windows 11, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní Settings. Inú Control Panel àtijọ́ ló kù sí, ẹni tí ò bá wá a débẹ̀ ò ní rí i. Bí ẹni tó ṣiṣẹ́ náà bá nu disk yín mọ́ kó tó gbé Windows tuntun sí i (upgrade ni gbogbo wọn ń pè é, upgrade kọ́), títì ni File History máa wà, torí Windows tuntun yẹn ò mọ̀ yín rí, kò sì mọ external yín (hard disk tí ẹ ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù láti ìta) rí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, external tó ń jẹ́ E tẹ́lẹ̀ ti di F. Ètò backup tí ẹ fi síbẹ̀ ń kanlẹ̀kùn ní E lálaalẹ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ wọ Control Panel, ẹ ṣí File History, ẹ tún external yín yàn. Bó bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ máa bá backup àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tẹ Run now. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe system image, ìyẹn ẹ̀dà odindi Windows àti ohun tó wà lórí disk, tí ẹ wá ń rí àṣìṣe 0x80780119, external yín ò kún o, ẹ yé ra tuntun. Yàrá kékeré kan wà lórí disk tí Windows fi pa mọ́ lójú yín, ibẹ̀ ló ń kó irinṣẹ́ tó fi ń tún ara ẹ̀ ṣe sí, upgrade sì máa ń kó ẹrù kún un. Bí yàrá yẹn ò bá tó 500MB, àyè 50MB gbọ́dọ̀ ṣófo nínú ẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, 320MB. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kí ẹ gbé e fún kó bá yín fẹ̀ ẹ́.

Ní ti OneDrive, 5GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Fídíò ìgbéyàwó kan á kún un, bó bá sì ti kún, ó dúró nìyẹn. Yàtọ̀ síyẹn, dígí ni OneDrive, kì í ṣe àpótí. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ó pa rẹ́ níbẹ̀ náà, ọjọ́ 30 ló sì fi máa wà nínú garawa ìdọ̀tí wọn kí wọ́n tó dà á nù. Fóldà Windows.old, ibi tí upgrade ń kó Windows àtijọ́ sí, tí àwọn kan fi ń yangàn, ọjọ́ 10 péré ni tiẹ̀.

Ẹni tó bá ní mo ń ṣàṣejù, kó bi àwọn tó ṣe upgrade Windows 10 ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Wọ́n jí, Documents wọn ṣófo. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni Microsoft fúnra ẹ̀ dá a dúró, ó di oṣù kọkànlá kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Microsoft nìyẹn o, kì í ṣe bọ̀ọ̀dá àdúgbò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé, bí ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé gbogbo ìyókù. Lọ́jọ́ kejì upgrade, ẹ mú fáìlì kan nínú backup yín, ẹ dá a padà. Kì í ṣe kí ẹ wò ó lókèèrè pé orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ lè wà kí fáìlì jẹ́ 0KB. Mo ti rí fóldà ẹgbẹ̀rún fọ́tò tó jẹ́ orúkọ lásán. Ẹ gbé external náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ ṣí fáìlì, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ Excel, ẹ wò ó bóyá àròpọ̀ ẹ̀ ṣì pé. Bó bá jẹ́ fídíò, ẹ wò ó dé òpin, ẹ má wo ìṣẹ́jú kan kí ẹ ní ó dára. Kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lórí èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ wo ọjọ́ yẹn! Ọdún 17 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Òtìgbà, n'Íkẹjà, bóyá ni oníbàárà márùn-ún ti ṣe é láìjẹ́ pé mo dúró tì wọ́n.

Dípò bẹ́ẹ̀, inú fíríìsà lẹ ń gbé hard disk sí. Ta ló kọ́ yín? Àlàfo tó wà láàárín orí tó ń kàwé àti àwo tó ń yí nínú hard disk tín-ín-rín ju irun lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ gbé e jáde nínú òtútù, omi sẹ̀ sí i lára, ẹ wá tan iná sí i. Ẹ ti pa á nìyẹn. Bọ̀dá kan fi òróró àdúrà kun ojú ibi tí okùn ń wọ̀. Mo fi owú nù ún, mo gbowó iṣẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n ti Màmá kan ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n, inú Excel ni gbogbo àkọsílẹ̀ owó wà. Nínú ìsáré oṣù kẹwàá yẹn, ọmọkùnrin kan nu disk wọn mọ́, ó gbé Windows 11 sí i, ó kó fáìlì wọn padà. Màmá ò ní email, ọmọkùnrin náà bá fi email tiẹ̀ ṣí àkáǹtì Microsoft lórí ẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé láti ẹ̀dà 24H2 ti ọdún 2024, lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, Windows tí wọ́n bá gbé sí disk òfìfo báyìí máa ń ti disk pa fúnra ẹ̀. Nọ́ńbà 48 tó tò tẹ̀ léra wọn ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, inú àkáǹtì ẹni tó ṣí i ló sì ń lọ.

Lóṣù kìíní, iná wọlé tagbáratagbára, ó jó motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà láptọ́ọ̀pù so mọ́. Mo ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, mo yọ SSD, disk tí fáìlì wọn wà lórí ẹ̀, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi. Ó ní kí n mú nọ́ńbà 48 wá. Mo wo external wọn: ibi upgrade ló dúró sí. Ọmọkùnrin yẹn ti jápa. Nígbà tó dá mi lóhùn lórí WhatsApp, ó ní email yẹn lòun fi ṣí ti bí ogójì oníbàárà, òun ti gbàgbé password ẹ̀, nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ẹ̀ sì ti di ti ẹlòmíràn.

Owó dídá oṣù mẹ́ta, gbèsè àwọn tó yá owó ọdún, iye tí kálukú gbà lóṣù kejìlá, gbogbo ẹ̀ wà lórí disk yẹn, a ò sì lè kà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó bàjẹ́. Ẹnì kan ní kí Màmá wá búra. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé, mo so disk náà níwájú gbogbo wọn. Alága wo ibi tó ti ń béèrè nọ́ńbà, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ fi ọdún ìbí Màmá gbìyànjú ẹ̀ wò ná."

Káàdì ìdáwó tí kálukú ń gbé kiri ló yọ Màmá. Sátidé mẹ́ta gbáko la fi jókòó ní pálọ̀ wọn, wọ́n ń kó káàdì wá, mo ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá àgbà kan mú tiwọn wá nínú àpò agbádá, eku ti jẹ igun tí wọ́n kọ oṣù kọkànlá sí. Bàbá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà làwọn san lóṣù yẹn. Akápò ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni. Wọn ò tíì parí ẹjọ́ náà.