Òwú Inú Ike Oògùn

Bí ẹ bá mi ike ARV, oògùn tí àwọn tó ní kòkòrò HIV ń lò, létí, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ ló máa ń dún. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Òṣogbo níbí, ibi tí a ti ń fún àwọn èèyàn lóògùn yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá aláṣọ kan láti Ọjà Ọba ló kọ́kọ́ là mí lójú sí ariwo yẹn. Mo kó ike mẹ́ta fún un, ti oṣù mẹ́ta. Kò tíì kó wọn sápò tó fi ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá òwú díẹ̀." Mo rò pé ó fara gbọgbẹ́ ni. Ó ṣí ike, ó ki òwú bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó gbọ̀n wọ́n wò. Nígbà tí wọn ò dún mọ́, ó mí kanlẹ̀. "Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi gbálẹ̀ yàrá," ó ní. "Etí rẹ̀ mú."

Ìyá yẹn tilẹ̀ gbọ́n. Àwọn mìíràn á da oògùn sínú ọ̀rá tàbí agolo mílíìkì, wọ́n á sọ ike nù pẹ̀lú àpò kékeré inú rẹ̀ tó ń fa ọ̀rinrin, oògùn á sì bàjẹ́. Àwọn ará Òṣogbo kan ń lọ gba tiwọn ní Ìbàdàn kí ará àdúgbò má baà rí wọn lórí bẹ́ǹṣì wa, àwọn ará Ìbàdàn náà ń wá gba tiwọn lọ́dọ̀ wa. Àfàìmọ̀ kí wọ́n má máa pàdé ara wọn lọ́nà Ìwó. Ọ̀fẹ́ ni oògùn. Owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Oṣù tí owó ọkọ̀ ò bá sí, kò sí oògùn.

Bẹ́ẹ̀, oògùn yìí kò fẹ́ ìdákúrekú. Inú àwọn sójà ara gan-an ni kòkòrò HIV máa ń wọ̀, tí á sọ wọ́n di ibi tó ti ń bí sí i. Hóró kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò báyìí, oògùn mẹ́ta ló sì wà nínú hóró yẹn: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Wọ́n á dí kòkòrò náà lọ́wọ́ kó má lè bí mọ́. Èyí tó ti sá pamọ́ sínú ara, apá wọn ò ká a, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó títí, bí onífúnpá ṣe ń lo tirẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, bó bá tó bí oṣù mẹ́fà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kéré débi pé àyẹ̀wò tí à ń pè ní viral load kò ní rí i mọ́. Tó bá dúró síbẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tó ń bá lò pọ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Yúróòpù tó jáde ní 2016: tọkọtaya tó lé ní 800, ọ̀kan ní in, ìkejì ò ní in, wọn ò lo rọ́bà, ẹni tó ní in ń lo oògùn rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára ẹnì kejì rẹ̀. Bí mo bá ń sọ èyí fún tọkọtaya, ọkọ á wo ìyàwó, ìyàwó á wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀kan á ní, "Ẹ tún un sọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ. Bí ìyá ò bá lo oògùn, nínú ọmọ 100, 15 sí 45 ló lè kó o nínú oyún, níbi ìbí tàbí nínú ọmú. Bó bá ń lò ó, wọn kì í pé 5.

Orúkọ tí a sọ àìsàn yìí wà lára ohun tó ń dá wa lóró. Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jáde sọ pé éèdì ni, orúkọ náà "kògbóògùn" kò jìnnà sí òótọ́ fún mẹ̀kúnnù ilẹ̀ wa. Ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò pípín ARV. Àrùn ti ń gboògùn látìgbà náà, a ò pààrọ̀ orúkọ. Ẹni tí ẹ bá pè ní oníkògbóògùn, kí ni yóò tún máa lọ gba oògùn fún? Àwọn kan tiẹ̀ ń pe éèdì ní èèdì, bí ẹni pé wọ́n sa èèyàn ní nǹkan.

Mo ti dé ilé ẹnì kan tó ń gba oògùn lọ́dọ̀ wa rí. Ife onírin kan dá wà lórí fèrèsé, wọ́n fi òwú pupa so ọwọ́ rẹ̀ kí ọmọ má baà ṣèèṣì mu omi nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé náà ló ni ín. Itọ́ kì í gbé HIV, òógùn kì í gbé e, ẹ̀fọn kì í gbé e, ṣáláńgá kì í gbé e. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀ àti ìyá sí ọmọ ni ọ̀nà rẹ̀. Abẹ àti abẹ́rẹ́ yẹ kó jẹ́ tẹnìkan-tẹnìkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló kàn, àní ilé tí kò sẹ́ni tó ní nǹkan kan.

N kò lè dá ará ilé nìkan lẹ́bi. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, báírò pupa la fi ń kọ lẹ́tà kan sí igun fáìlì àwọn tó ní HIV. A ní àṣírí ni. Agbálẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọmọ tó ń ta píọ́ wọ́tà lẹ́nu géètì mọ̀ ọ́n. Èmi náà wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé òun ní HIV, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé ibo ló ti kó o. Ẹ bi í pé ṣé ó ń róògùn gbà, aago mélòó ló ń lò ó. Ẹ má sì gbé e dé ìpàdé àdúrà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ní kí ẹ gbé e débẹ̀. Orúkọ àìsàn olórúkọ kì í ṣe kókó àdúrà tiyín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbani síṣẹ́, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 kò gbà yín láyè láti ní kí ẹnikẹ́ni lọ yẹ HIV wò kó tó ríṣẹ́.

Ìyá aláṣọ ṣì ń wá. Mo ti tọ́jú òwú gbígbẹ sínú dúróò mi dè é, ó sì ti ń kó àwọn mìíràn wá béèrè tiwọn. Ẹni tó ń ka ẹrù ilé ìwòsàn wa ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ọgbẹ́ ta ni à ń dì tó báyìí.