Ó Ń Sọ̀rọ̀, Kí Ló Dé Tí Dókítà Ń Béèrè Ẹ̀jẹ̀ Báàgì Mẹ́fà?

"Dókítà, ẹ wò ó, ó ń sọ̀rọ̀. Ó dá mi mọ̀, ó tiẹ̀ ní kí n lọ gba fóònù òun lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ẹ̀jẹ̀ báàgì mẹ́fà kẹ̀? Kí ló ṣe é gan-an?"

Ìyá ọmọ náà ló bi mí bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ kan ní Iléṣà. Ọmọ náà lé díẹ̀ ní ogún ọdún, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń kọ́, ọ̀kadà tó gbé e sì lọ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó hàn síta kò tó nǹkan. Ọgbẹ́ kékeré kan wà níwájú orí rẹ̀, awọ apá rẹ̀ bó, ó sì ń ráhùn pé ẹ̀gbẹ́ òsì ń dun òun lábẹ́ egungun ìhà. Màmá kò rí ohun tó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ jí gbogbo ẹbí lóru. Mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yìí ń jẹ àkókò lẹ́nu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì lọ́pọ̀ ìgbà, àkókò yẹn gan-an ni aláìsàn kò ní, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ojú wa ń wò.

Ọkàn ọmọ náà ń lù ní ìgbà 118 láàárín ìṣẹ́jú kan. BP rẹ̀ (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀), iye tòkè, jẹ́ 104. Bí ẹ bá gbọ́ 104 lásán, ẹ ó ní ó dára. Ẹ wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn lè máa lù ní 70, kí BP tòkè sì wà ní 120. Iye ti ọkàn máa ń wà nísàlẹ̀ dáadáa. Bí a bá fi 120 pín 70, a ó rí 0.58. Tí iye ọkàn bá ti ń gùn lọ bá ti BP, tí ó bá wá kọjá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ níbì kan. Àwọn oníṣègùn méjì, Allgöwer àti Burri, ló ti dábàá ìṣirò yìí láti ọdún 1967, kò sì gba ẹ̀rọ kankan ju aago àti ohun tí a fi ń wọn BP lọ. Ti ọmọ wa yìí jẹ́ 1.13.

Kí ló wá dé tí BP kò tíì já? Ara ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dín kù, ara á gba ti awọ, á gba ti ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀, á gba ti ìfun, á kó gbogbo rẹ̀ fún ọpọlọ àti ọkàn. Ìdí nìyẹn tí ìka fi ń tutù, tí ojú fi ń funfun, tí òógùn tútù fi ń bo iwájú orí, síbẹ̀ tí onítọ̀hún ń sọ̀rọ̀ tó já gaara. Àgbàlagbà ní tó lítà 5 ẹ̀jẹ̀ lára. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le lè pàdánù lítà kan àtààbọ̀ kí BP rẹ̀ tó wálẹ̀ gan-an. Ìgbà tó bá sì máa wálẹ̀, kì í rọra wálẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ní kí wọ́n fún òun lómi mu, tí kò sì dá wa lóhùn mọ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé.

Ẹ óò ní, "Níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà gbà lọ, nígbà tí a kò rí i nílẹ̀?" Inú àyà lè gbà á. Inú ikùn lè gbà á. Àyíká egungun ìbàdí lè gbà á. Itan tí egungun rẹ̀ dá lè gbà ju lítà kan lọ, kó kàn dà bíi pé itan wú. Ní ti ọmọ bíríkìlà yìí, ẹ̀yà ara rírọ̀ kan wà lápá òsì lábẹ́ egungun ìhà, tó kún fún ẹ̀jẹ̀; ìkọlù ọ̀kadà máa ń bẹ́ ẹ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí PCV, àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki sí, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, títí kan àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà. Mọ̀lẹ́bí á ní, "Wọ́n yẹ PCV rẹ̀ wò, 38 ni, kò nílò ẹ̀jẹ̀." Bí ẹ bá ní ẹmu nínú akèrègbè, tí ìdajì rẹ̀ dà nù, ẹ tọ́ èyí tó kù wò: ẹmu kan náà ni, adùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹmu ti tán ní ìdajì, kò kàn tíì là. Ìgbà tí ẹ bá bomi là á ni ẹ ó mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí nìyẹn. PCV ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki sí, kì í sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ó lè dára lára ẹni tó ń kú lọ.

Ọ̀rọ̀ omi yìí náà ló jẹ́ kí n máa yọ́ dírípù lò. Mọ̀lẹ́bí fẹ́ràn láti rí dírípù tó ń sáré, ọkàn wọn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ kì í gbé afẹ́fẹ́ kiri ara bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé e, ó ń la ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ń mú ara tutù. Ara tó tutù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì dáadáa. Èyí tí kò dì á tún máa ṣàn, ara á tún máa tutù sí i. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá kọ́kọ́ débi ìjàm̀bá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi lé ẹni tó fara pa lórí. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ bò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má ṣí i wò títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Nípa bí a ṣe ń fojú díwọ̀n ẹni tí yóò gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè mẹ́rin kan jáde ní ọdún 2009, wọ́n pè é ní ABC. Ṣé ohun tó gún ara wọlé ni, bí ọ̀bẹ tàbí ọta ìbọn? Ṣé BP tòkè ti di 90 tàbí ó ti kéré jù bẹ́ẹ̀? Ṣé ọkàn ń lù tó 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé sikáànì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn tàbí nínú àpò tó yí ọkàn ká? "Bẹ́ẹ̀ ni" kọ̀ọ̀kan gba máàkì kan. Bí máàkì bá pé méjì, kí wọ́n ti jí àwọn ará bánkì ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wọn ọmọ Màmá wò. Ọkọ̀ akẹ́rù ló kọlù, kò sí ọ̀bẹ: òdo. BP 104: òdo. Ọkàn 118, ó ku méjì péré kó pé: òdo. Sikáànì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn: máàkì kan. ABC ní kò nílò rẹ̀. Àmọ́ 1.13 ní ó nílò rẹ̀. Èyí kejì ni mo gbà gbọ́, tinútinú ni mo sì fi sọ ọ́: ní ojú ọ̀nà wa, láti Gbọ̀ngán sí Ifẹ̀, láti Ifẹ̀ sí Iléṣà, ìkọlù ló ń gbé èèyàn wá bá wa jù. Láti ẹnu ọ̀nà ni aláìsàn tiwa ti ń pàdánù máàkì kan. (Ní ti àwọn tí ìbọn bà: òfin ọdún 2017 ti pàṣẹ kí ilé ìwòsàn gbà wọ́n, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ẹ má ṣe yà sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó wá.)

Ìṣirò méjèèjì lè tàsé. Mo ti ní kí ẹbí mú èèyàn mẹ́rin wá, kí aláìsàn má sì lò ju báàgì kan lọ. Inú wọn kò dùn, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí a kò lò kò bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nínú fíríìjì tó yẹ, ó lè wà fún ọjọ́ 35, ẹlòmíràn á lò ó. Bí mo bá ṣe àṣìṣe lápá kejì, kò sí ohun tí mo lè fi tún un ṣe. Ìwé máa ń pe báàgì mẹ́wàá láàárín wákàtí 24 ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń yára lọ á ti kú kí ó tó gba ìkẹwàá.

Ibi tí bánkì ẹ̀jẹ̀ ti kún, dókítà lè dúró wo bí nǹkan yóò ṣe rí. Tiwa yàtọ̀. Ẹni tó wá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láàárín òru, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, mẹ́dọ̀wú B àti C, àti sífílíìsì, a ó sì wò ó bóyá ó bá ti aláìsàn mu. Gbogbo rẹ̀ lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá dúró kí BP rẹ̀ já ká tó pe ẹbí rẹ̀, wákàtí yẹn kò sí fún un mọ́. Ohun kan náà ni mo ń bẹ àwọn ilé ìwòsàn kékeré pé kí wọ́n fi ṣírò: bí iye ọkàn bá ti bá ti BP, ẹ gbé e lọ síbi tí iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà, ẹ sì tẹ̀ wá láago kí ọkọ̀ tó gbéra. Oògùn kan tún wà, tranexamic acid, tí wọ́n dán wò lára àwọn tó lé ní 20,000 ní orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà wà lára wọn; èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Ó ń dín ikú kù bí ó bá wọ ara láàárín wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè ṣe ìpalára.

Àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè tàn wá jẹ: àwọn kan nínú oògùn náà kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ ti lọ tó. Bí BP Bàbá bá sì máa ń jẹ́ 160 nílé, 110 ti kéré fún wọn. Aláboyún náà ń bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá, àgbo náà, ẹ má fi pamọ́ fún wa.

Màmá pe ẹ̀gbọ́n ọmọ náà nígbẹ̀yìn, òun náà pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Kí a tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ, BP ọmọ náà ti di 70. Báàgì márùn-ún ló gbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mẹ́ta jẹ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́, tó wọlé nígbà tí wọ́n ṣì ń yẹ àwọn ọmọkùnrin náà wò, ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni. Wọ́n ti wà nínú fíríìjì kí ọ̀kadà náà tó gbéra.