Bí Oògùn Àyẹ̀wò Ọkàn Ṣe Di Ohun Tí A Fi Ń Wá Parathyroid

Ọ̀gákọ̀ ojú omi ni Charles Martell ní Amẹ́ríkà. Egungun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń dá wẹ́wẹ́, títí gíga rẹ̀ fi dín ní ínǹṣì 7. Parathyroid rẹ̀ kan, ẹ̀yà ara kékeré tó ń darí kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù, tó ń fa kálísíọ́mù kúrò nínú egungun sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà mọ̀ pé ṣe ni kí wọ́n yọ ọ́, nítorí Felix Mandl ti yọ irú rẹ̀ fún aláìsàn kan ní Vienna ní 1925, ara onítọ̀hún sì balẹ̀ fún ìgbà kan. Ibi tó wà ni wọn kò mọ̀. Iṣẹ́ abẹ 6 ni wọ́n ṣe fún Martell lásán. Ìkeje, ní 1932, ní ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, ni wọ́n tó rí i, inú àyà ló wà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló kú, nítorí òkúta inú kíndìnrín ti bá a jìnnà. Ìyà tó jẹ ọkùnrin yìí pọ̀ jù.

Ẹ má dá àwọn dókítà rẹ̀ lẹ́bi. Parathyroid 4 ló wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wa, lẹ́yìn thyroid, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ìrẹsì lọ. Àfi ní 1880 kí Ivar Sandström, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Uppsala ní Sweden, tó fún wọn lórúkọ. Láti inú oyún ni òmíràn sì ti ń ṣí kúrò láyè rẹ̀.

Ibòmíràn ni ohun tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wá a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1937, ní Palermo ní Ítálì, Carlo Perrier àti Emilio Segrè rí technetium, èròjà kan tó ń tan ìtànṣán, nínú irin molybdenum tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti California. Ẹ̀yà rẹ̀ kan, technetium-99m, ń tan ìtànṣán tí kámẹ́rà lè gbà láti ìta ara, ìdajì rẹ̀ á sì ti lọ láàárín wákàtí 6. Nígbà tó yá, Alan Davison àti Alun Jones ní Massachusetts so ó mọ́ èròjà mìíràn, ó di sestamibi. Ọkàn ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dé dáadáa.

Ṣùgbọ́n inú mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, ni sestamibi ń lọ jókòó sí, parathyroid tó wú sì sábà máa ń kún fún mitochondria. Ní 1989, Coakley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní England kọ ọ́ jáde pé oògùn yìí ń fi parathyroid hàn. Raymond Taillefer ní Montreal mú un rọrùn sí i ní 1992: abẹ́rẹ́ kan, àwòrán méjì. Nínú àkọ́kọ́, thyroid àti parathyroid ń tàn pọ̀. Ní wákàtí 2 sí 3 lẹ́yìn náà, oògùn ti ṣàn kúrò nínú thyroid, parathyroid tó ń ṣàìsàn ṣì dì í mú. Ọgbọ́n yìí wù mí gan-an, torí kò gba ju sùúrù lọ.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣí ọrùn sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Báyìí, bí àwòrán bá ti tọ́ka síbi kan, ojú abẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí i o. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wú, tàbí tí èyí tó ń ṣàìsàn kéré jù, àwòrán lè má fi nǹkan kan hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ pé àìsàn wà. Nítorí náà, aláìsàn tí àwòrán rẹ̀ ṣófo ṣì lè ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ dókítà tó mọ ọrùn dáadáa, kò sì yẹ kí wọ́n torí àwòrán nìkan dá a padà sílé.