Narcolepsy: nígbà tí mẹ́gáàdì oorun bá kú

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, ọmọkùnrin kan wà tí oorun máa ń gbé lọ kí akọ̀wé tó ka àkọsílẹ̀ tán. Baba Oorun ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wá ba àwọn àgbà lẹ́rù ni pé bí ẹnìkan bá pa á lẹ́rìn-ín gidi, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á jókòó sílẹ̀ gbì, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ là, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní ayé ni. Dókítà ní narcolepsy ni, àìsàn tó ń jẹ́ kí oorun máa gbé ènìyàn lọ lójú ọ̀sán.

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéréje kan wà tó ń ṣe èròjà kan. Ikọ̀ onímọ̀ méjì ló rí i ní 1998, kálukú sì sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀: orexin, hypocretin. Ẹ fi wé mẹ́gáàdì ẹnu géètì: òun ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ oorun lójú ọ̀sán. Ní 2000, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn olóògbé tó ti ní narcolepsy wò, wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ti pòórá. Mẹ́gáàdì ti kú, géètì wá ń ṣí bó ṣe wù ú. Oorun àlá, tó sábà máa ń dé lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ tí a ti sùn, á já wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oorun yìí ló ń mú iṣan wa rọ kí a má baà máa ja ìjà ojú àlá lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí rírọ̀ yẹn bá yọ́ wọlé nígbà tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, orúnkún á yẹ̀. Bó bá mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú, ọ̀pọ̀ wa á ní ogun òru ni. (Ogun òru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìkan kì í ṣe narcolepsy o.)

Ta ló pa mẹ́gáàdì? Ẹ̀rí ń tọ́ka sí fijilanté àdúgbò fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà: wọ́n ṣi ará ilé mú bí olè. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ló ní àbùdá kan, HLA-DQB1*06:02. Àbùdá nìkan kò tó, nítorí bí ìbejì tilẹ̀ jọra délẹ̀délẹ̀, ó lè mú Táyé kó fi Kẹ́hìndé sílẹ̀. Nǹkan kan ní láti dá ìjà náà sílẹ̀, irú bí ibà ọ̀fìnkìn líle. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti 2009, àwọn tó ní in pọ̀ sí i ní Ṣáínà. Ní Finland àti Sweden, ó pọ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí wọ́n ṣe fún ibà náà, Pandemrix, tí wọn ò lò mọ́. Èyí tí wọ́n ń gún ọmọ yín ní Nyanya kọ́ nìyẹn. Ìfarapa orí tàbí kókó inú ọpọlọ náà lè fà á, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀.

Ẹ má sì pè é ní àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tí ilé ìwádìí kan ní Kaduna ti ń tọ pinpin láti 1947. Kòkòrò àrùn tí eṣinṣin náà ń gbé wọ ara ló ń fa tiyẹn. Narcolepsy kì í ràn.

Ní ìpàdé tó kọjá, a jẹ́ kí ọmọkùnrin náà sùn fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó jí, òun ló rí àṣìṣe inú ìṣirò akápò.