Ọ̀nà Èkó: bí ilé míṣọ́nnárì kan ṣe ń jẹun ní Ìbàdàn

Bí wọ́n bá dárúkọ David àti Anna Hinderer fún ọmọ Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì àti ilé-ìwé tó wà níbẹ̀ ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Kò burú. Ṣùgbọ́n oníwàásù náà a máa jẹun. Ó ń sanwó fún ẹni tó ń pọnmi, ibà ń gbé e dè, ó sì ń ka ọjọ́ títí owó yóò fi wọlé. Láti 1853 tí wọ́n dé títí di 1869 tí wọ́n kúrò pátápátá, ọ̀nà kan ni gbogbo ìyẹn rọ̀ mọ́: ọ̀nà tó ti Èkó wá.

Ọmọ Württemberg ní Jámánì ni David. Ẹgbẹ́ CMS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1799 lábẹ́ Ìjọ Áńgílíkà, ló rán an níṣẹ́, ó sì ti kọ́kọ́ wá wo Ìbàdàn ní 1851. Ọmọ Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Anna. Oṣù Kẹwàá 1852 ni wọ́n ṣègbéyàwó, nígbà tó di Oṣù Kejìlá wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ òkun, nígbà tó sì di Oṣù Kẹrin 1853, wọ́n ti wọ Ìbàdàn. Wọn ò bímọ. Bí ilé wọn ṣe wá kún fọ́fọ́ fún ọmọ, ó ń bọ̀ níwájú.

Àwo ọrẹ ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orísun owó wọn. Olówó á mú tirẹ̀ wá, tálákà á mú tirẹ̀ wá, ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi náà á tọ́jú kọ́bọ̀. Ta ló sì máa ń ná owó sórí ohun tí kò gbúròó? Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi sọ ọ́ di dandan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa kọ̀wé ránṣẹ́: ibi tí wọ́n dé, ohun tí wọ́n ṣe, ẹni tó gbọ́, ẹni tó kọ̀. Lọ́ńdọ̀nù á ṣa èyí tó dùn nínú rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, ìjọ á kà á, àwo ọrẹ á tún yí. Ẹni tó bá rò pé ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀ nìkan ni míṣọ́nnárì ń kọ lẹ́tà kò tíì mọ iṣẹ́ náà. Lẹ́tà yẹn ni oko rẹ̀. Àwọn ìwé náà ṣì wà títí dòní, University of Birmingham ni wọ́n kó wọn pamọ́ sí, àwọn ni wọ́n sì jẹ́ ká mọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ilé yìí. Kí ẹni tó ń kà wọ́n ṣáà máa rántí pé ẹni tó ń kọ̀wé sí ẹni tó ń bọ́ ọ kì í tú gbogbo ikùn rẹ̀ sílẹ̀.

Láti 1852 ni ọkọ̀ òkun tó ń kó lẹ́tà ti ń wá sí etíkun wa lóṣooṣù. Ìrìn náà tó bí oṣù kan. Ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọ Èkó tààrà nígbà náà, torí iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà. Ìta ló ń dúró sí, ọkọ̀ kéékèèké á lọ já ẹrù lára rẹ̀, ìgbì á máa gbé wọn sókè sódò. Bí Anna bá kọ̀wé béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn ará ilé, oṣù mẹ́ta lè kọjá kí èsì tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Èkó gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjà Ìbàdàn ò mọ owó fàdákà òyìnbó. Owó ẹyọ ni ẹlẹ́kọ ń gbà, òun ni oníṣu ń gbà, òun náà ni wọ́n ń san fún ẹni tó bá wọn mọ ògiri. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ìyẹn 2,000, orí owó kan. Ẹgbàá mẹ́wàá di 20,000, ìyẹn ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan sì ni ẹrù aláàárù kan, ẹrù tí ọrùn ń mọ̀ lára. Ẹni tó bá fẹ́ kó ogún ọ̀kẹ́ lọ sí Ìbàdàn, kó wá ogún orí. Aláàárù á jẹun lọ́nà, inú owó tó rù ni. Á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, inú owó tó rù náà ni. Wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gba odò Ògùn dé Abẹ́òkúta, wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀. Oníbodè jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó ń retí tirẹ̀. Kí owó tó dé Kúdẹtì, owó ti jẹ lára owó.

Oúnjẹ òyìnbó ń bá owó náà rìn: fúláwà, ṣúgà, tíì, bísíkíìtì inú agolo. Oògùn ibà náà ń bá a rìn, kuinín, èyí tí wọn kò lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Ẹni tó bá ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń wojú ọ̀nà fún ẹni tó ń ti ilé bọ̀ pẹ̀lú èlùbọ́ àti irú, mọ bó ṣe ń ṣe ènìyàn.

Àpótí tún wà, èyí tí àwọn ìyá ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dì ránṣẹ́. Pákó ni wọ́n fi kàn án, wọ́n á fi páànù tẹ́ inú rẹ̀ kí omi má bàa bá ẹrù. Aṣọ ọmọdé ló ń kún inú rẹ̀, aṣọ tí àwọn obìnrin tí kò rí Ìbàdàn rí rán fún ọmọ tí wọn ò mọ gíga rẹ̀.

Àwọn ọmọ wo ló ń wọ̀ ọ́? Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ẹ̀rù ń ba òbí pé ìwé á sọ ọmọ di ọ̀lẹ, á sọ ọ́ di ojo. Lára àwọn ìjòyè, Olúnlóyọ̀ ló kọ́kọ́ gbà, ó fún wọn ní ọmọkùnrin rẹ̀ Akínyẹlé àti ọmọbìnrin rẹ̀ Yéjídé. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, tó fi dé orí ọmọ ẹrú tí àwọn Hinderer rà padà. Púpọ̀ nínú wọn, ilé míṣọ́nnárì ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ti ń wọṣọ. Nítorí náà, ilé-ìwé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ síléètì àti ṣọ́ọ̀kì nìkan, ọ̀rọ̀ ìkòkò ni. Bí ọmọ kan bá pọ̀ sí i, iṣu kan pọ̀ sí i. Àárọ̀ wọn jẹ́ àdúrà àti ìwé. Anna ń kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́, wọ́n ń fi Yorùbá kún ẹnu rẹ̀, dùùrù rẹ̀ sì ń fa ẹni tí kò bá ti ìwàásù wá mọ́ra. Ìyá ni wọ́n ń pè é.

Àìsàn wà lára ohun tí ẹgbẹ́ fi ń gba ènìyàn láyè láti padà sílé. Wọ́n lọ ní 1856, wọ́n padà dé ní 1858.

Ní 1860, ogun Ìjàyè bẹ́. Ìbàdàn dojú kọ Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà kò sì fẹ́ kí ìbọn àti ẹ̀tù ti etíkun dé ọwọ́ Ìbàdàn. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí. Kò sẹ́ni tó torí òyìnbó dí i. Ṣùgbọ́n aláàárù tó ru ẹ̀tù àti èyí tó ru fúláwà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Wọ́n tú Ìjàyè ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là.

Owó oṣù àwọn Hinderer kò dúró o. Ó wà ní Èkó, ojú rí i, ọwọ́ ò tó o. Ni ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ara rẹ̀ jẹ. Agolo bísíkíìtì tó ti ṣófo wọjà. Ìdérí rẹ̀ wọjà. Páànù tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí aṣọ ọmọdé, wọ́n ya á kúrò lára pákó, òun náà wọjà. Ní ìlú tí ẹrù etíkun kò wọ̀ mọ́, páànù kì í ṣe pàǹtírí. Wọ́n ń jẹ ẹ̀wà, wọ́n ń jẹ iṣu, ọmọ tó wà nílé kò sì dín kù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ènìyàn ń kún wọn: Edward Roper, míṣọ́nnárì tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú ní Ìjàyè, ọ̀dọ̀ wọn ló wá gbé. Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n lè tà mọ́, àwọn ará ìlú yá wọn ní ẹyọ. Ohun tó yẹ kéèyàn dúró wò nìyí. Ètò tí Lọ́ńdọ̀nù fi ọgbọ́n tò, ọkọ̀ òkun rẹ̀, àwo ọrẹ rẹ̀, àwọn akọ̀wé rẹ̀, já sí àwìn lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ìgbà tí ọ̀nà máa là, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì gba ẹ̀sìn náà.

Ọ̀nà yìí tún ń ṣe nǹkan sí ọkàn. Àwọn míṣọ́nnárì Abẹ́òkúta ń kọ̀wé pé Ìbàdàn ló jẹ̀bi ogun, David Hinderer ń ti Ìbàdàn kọ̀wé gbe Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ kan náà ló rán gbogbo wọn. Ibi tí oúnjẹ ti ń wá fún kálukú ni ojú rẹ̀ wà.

Oṣù Kẹrin 1865 ni Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán Captain Maxwell gba inú igbó wá sí Ìbàdàn. Òru ló dé. Anna tí àìsàn ti gbé ṣánlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbé e léjìká. David dúró sẹ́yìn fúngbà díẹ̀. Wọ́n padà wá, wọ́n sì tún lọ ní 1869, Anna sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Oṣù Kẹfà 1870, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni Daniel Olùbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó bá wọn ti Abẹ́òkúta wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Fúláwà kò sí lára ohun tí òun nílò láti wà láàyè. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tún dínà mọ́ Ìbàdàn ní 1877, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó dínà, òun sì wà ní Kúdẹtì, iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó dàgbà nínú míṣọ́nnì náà, tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀nà kọ́kọ́ dí, ni Samuel Johnson. Òun ni Aláàfin Adéyẹmí fi lẹ́tà rán sí gómìnà Èkó ní 1881, pé kí ó bá wọn dá sí ogun tó ti sé ọ̀nà náà mọ́ wọn.