Ẹ̀dọ̀ Kì í Yọ́ Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀

Àwọn tó ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ máa ń sọ pé epo tí èèyàn bá jẹ, ẹ̀dọ̀ ló ń lọ tààrà, ẹ̀dọ̀ ló sì ń yọ́ ọ. Nítorí náà, wọ́n ní kí a máa fọ ẹ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣúgà inú ẹ̀bà ló máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀ kọjá. Ní ti ọ̀rá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u ká nínú ìfun, ìfun á tún un dì sí ẹrù wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní chylomicron, á fi ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà lymph, ìyẹn omi ara tó ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, títí yóò fi bọ́ sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ní itòsí èjìká òsì. Ó ti dé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kí ẹ̀dọ̀ tó fojú kàn án.

Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn prótéènì tó ń tú oúnjẹ ká, tó ń já ẹrù yìí ni lipoprotein lipase, LPL. Kì í lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Prótéènì kan ló so ó mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà nínú ọkàn, nínú iṣan apá àti ẹsẹ̀, àti níbi tí ọ̀rá ń gbé lábẹ́ awọ. Ẹ fi wé èbúté Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ẹja bá dé láti orí ọ̀sà. Alábàárù kì í wẹ̀ lọ bá ọkọ̀. Etí omi ló dúró sí, ọkọ̀ ló ń wá bá a. Bí èbúté bá jẹ́ mẹ́ta, tí àwọn alábàárù ní méjì káwọ́ gbera, ẹ̀kẹta ni ẹja yóò kó jọ sí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ìdí ọkọ̀ padà. Ọ̀dọ̀ àwọn alábàárù, ìyẹn LPL, ni ẹ̀dọ̀ ń ránṣẹ́ sí.

Prótéènì kan tó ń jẹ́ ANGPTL3 ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá jẹun tán, tí ínsúlínì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gòkè, ẹ̀dọ̀ á tún tú ìbátan rẹ̀, ANGPTL8, jáde. Àwọn méjèèjì á so pọ̀, wọn á lọ dá LPL ọkàn àti ti iṣan dúró. Ọ̀rá oúnjẹ á wá wọ inú ìpamọ́ lábẹ́ awọ, ọkàn àti iṣan á máa jó ṣúgà. Bí ebi bá dé, ANGPTL8 á lọ sílẹ̀. Ìbátan wọn mìíràn, ANGPTL4, á pọ̀ níbi ìpamọ́ ọ̀rá, á dá LPL ibẹ̀ dúró, ọ̀rá á sì yà sọ́dọ̀ iṣan. Ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìkọ́ ọ̀nà tuntun: ọgbọ́n ńlá lèyí lójú mi. Ẹ̀dọ̀ náà ló tún ń ṣe apoC-II, prótéènì tí LPL kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, òun náà ló ń ṣe apoC-III tó ń fà á sẹ́yìn.

Ní 1943, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Paul Hahn, fún àwọn ajá tó jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá ní abẹ́rẹ́ heparin, òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, omi ẹ̀jẹ̀ wọn tó ti rú sì mọ́ kedere. Heparin ló já LPL kúrò lára ògiri, tó fi lọ bá ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀. LPL tó bá já bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á mú tí ó sì ń fọ́ ọ túútúú.

Àléébù ètò yìí ni pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń di ọ̀rá sínú ẹrù tirẹ̀, VLDL, àwọn LPL kan náà ló sì ń já a. Ínsúlínì ló yẹ kó dín in kù. Lára ẹni tí ínsúlínì kò ràn dáadáa mọ́, ẹ̀dọ̀ kì í dẹwọ́, apoC-III á tún pọ̀ sí i: ẹrù ń pọ̀, ìjáẹrù ń falẹ̀. Triglyceride, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ga bí kò tiẹ̀ fẹnu kan epo, nítorí ẹ̀dọ̀ lè fi ṣúgà ṣe ọ̀rá.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé nípa ẹbí kan tí a bí àwọn kan nínú wọn láìní ANGPTL3 tó ń ṣiṣẹ́. Triglyceride àti kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe evinacumab, òògùn tó ń so ANGPTL3 lọ́wọ́, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021 fún àwọn tó jogún kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù gíga láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá.